Ohùn Tí Olùtẹ̀lé Dá Padà

Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ 2024

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nígbà tí mo jáde láti ilé ìtẹ̀pó tí mo ti ń ta gìtá, bí mo ṣe rí i gan-an:

Sálúbàtà kan lójú ọ̀nà. Pupa. Ti ẹsẹ̀ òsì. Ti Àgbékẹ́ ni.

Garawa tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi ń ya lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó tì í.

Ìkòkò àgbàdo tàtá Bernadette lórí iná. Ó ti ń jóná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá.

Gbogbo ilẹ̀kùn ní títì. Gbogbo fèrèsé. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tí oòrùn ò tilẹ̀ tíì la ìkùukùu.

Ewúrẹ́ kan. Adìẹ. Bàbá Kékeré nìkan láàárín àgbàlá, láìwẹ̀wù, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò.

Obìnrin kankan, kò sí.

Ó rí mi. Ó ní, "Wọlé! Kí lò ń ṣe níta?" Àbúrò bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi, mi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ mi báyìí rí. Kí n tó dáhùn, tàtá Bernadette ìyàwó rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi apá kan fà mí wọlé bí ẹni fa àpò gàrí. Ó ní Orò jáde.

Lójú ọ̀sán. Láìkéde.

Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lu agogo kiri, ká lè pọnmi, ká lè ra iyọ̀, ká tó wọlé. Obìnrin kì í rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ nínú ilé, tó ń hó, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sílẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" — tàtá nìyẹn. Mo ní mi ò gbọ́, mo ń ta gìtá. Ó ní, "Gìtá! Gìtá ló máa di ọ́ létí títí wọ́n á fi gbé ọ lọ."

Àgbékẹ́, tó ń gbé nínú àgbàlá wa, wà lórí ẹní nínú yàrá, ó di ikùn rẹ̀ mú. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìdí ẹ̀rọ omi ló wà nígbà tí ohùn náà dìde. Ó sáré, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí ló sáré jù mí lọ."

Ọ̀sán — Bàbá Kékeré dé láti ilé Bàbá Fádáre, olórí àwọn tó ń gbé Orò jáde. Ó jókòó, kò gba omi. Ó ní gbogbo àgbà tó lè gbé e jáde ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló búra. "Àwa kọ́." Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀: "Àwa kọ́."

Ẹ̀rù tó ń ba obìnrin, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń ba ọkùnrin, òní ni mo kọ́kọ́ rí i.

Àìkú, 4 oṣù kẹjọ

Mísà. Ọ̀rọ̀ Orò ni gbogbo ẹnu ń sọ títí fadá fi na ìka sí wa. Lẹ́yìn náà Fòfó Akínbáyọ̀ — olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, ọkọ Àgbékẹ́, fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n níbí — gba Olùtẹ̀lé, ọ̀kan nínú pẹdáàlì gìtá wa, lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ gbé e lọ sí Pobè kí wọ́n bá a jó ojú ihò jáàkì rẹ̀ tó ń mì, ibi tí wáyà ń wọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa gbé e padà.

Ajé, 5 oṣù kẹjọ

Kí n kọ iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí ọkàn mi lè dúró.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, Àjọ̀dún Màríà, a máa ta orin ní Pobè, níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́. Fòfó ra pẹdáàlì àlòkù márùn-ún ní Cotonou, kéékèèké, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè yí padà. Káfíńtà ti kan pákó, mẹ́ta péré ló gbà. Fòfó ní kí èmi yan mẹ́ta náà, nítorí etí mi kì í kánjú. Ìyìn ni, mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo sọ wọ́n lórúkọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọ̀nyí bí kò ṣe ìwé yìí.

Adájọ́ — ó ń sọ bóyá okùn lọ sókè jù tàbí sílẹ̀ jù. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé. Kì í ṣojúsàájú. Ó gbọ́dọ̀ wà.

Iyanrìn — ó ń mú kí ohùn gbó, bí ẹni tó sunkún lánàá.

Omi — ó sọ gìtá kan di méjì tó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dára fún orin Màríà.

Ìmí — ohùn á máa mí. Á ga, á rẹlẹ̀, á ga, á rẹlẹ̀.

Olùtẹ̀lé — èyí tó ń dá ohùn padà. Ohun tí o bá ta, á tún un ta tẹ̀lé ọ, á tún tún un ta, ìkọ̀ọ̀kan á máa kéré ju èyí tó ṣáájú títí á fi tán. Bọ́tìnnì mẹ́ta ni à ń yí lórí rẹ̀: èyí tó ń sọ bó ṣe máa pariwo tó, èyí tó ń sọ ìgbà tó máa dá a padà, èyí tó ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rọlẹ̀. Bọ́tìnnì ìgbà yẹn kì í yí geere. Tó bá dé àárín, á kọ́, á wá fò.

Bí mo ṣe ń dán wọn wò: ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ègé orin kan náà fún gbogbo wọn, ohùn mẹ́fà, kí n má bàa yin pẹdáàlì nítorí orin. Bọ́tìnnì gbogbo sí àárín ná, lẹ́yìn náà dé òpin. Ohùn kẹrin nínú ègé yẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìka kékeré mi ni. Fòfó ní òun lè dá mi mọ̀ nínú òkùnkùn nípa ohùn kẹrin yẹn.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹjọ

Fòfó gbé Olùtẹ̀lé dé. Mo tún ṣe ohun tí mo ṣe ní Sátidé, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ṣùgbọ́n mo fi kásíkì sétí kí ohùn má bàa jáde.

Ní Sátidé mo gbé anpílì tó ń mú ohùn gìtá pariwo sórí àgbá epo tó ṣófo. Mo ki Olùtẹ̀lé síwájú, Ìmí sẹ́yìn rẹ̀ — Fòfó ti ní kó jẹ́ òdìkejì. Mo yí bọ́tìnnì ìrọlẹ̀ dé òpin. Tí a bá yí i débẹ̀, ohùn ò ní rọlẹ̀ mọ́. Á máa jẹ ara rẹ̀, á máa sanra. Mo gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá, mo wá ń yí bọ́tìnnì ìgbà, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀.

Ó hó. Ó lọ sókè. Ó bọ̀ sílẹ̀. Ìmí sì ń mú un mí.

Mo yọ kásíkì. Lórí àgbá tó ṣófo, lábẹ́ páànù, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí —

Èmi ni.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹjọ

Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kẹjọ

Agogo yí ìlú ká lánàá. Bàbá Fádáre àti àwọn àgbà ti pinnu: láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí obìnrin kankan má yọjú síta, lójoojúmọ́, títí wọ́n á fi mọ ohun tó ń ké. Ìsémọ́lé.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Àgbékẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni tàbí èyí tó ń bọ̀. Matanité, ilé ìgbẹ̀bí, wà ní òdìkejì ìlú. Mo bi í léèrè pé tó bá jẹ́ alẹ́ ló dé ńkọ́. Ó ní, "Màá ní kó dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ọmọ gidi máa ń gbọ́ràn." Tàtá Bernadette ní, "Ọmọ Akínbáyọ̀? Ẹni tí kì í dé ibi àdúrà lásìkò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Tó bá kú, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹtì, 9 oṣù kẹjọ

Mo sọ fún Bàbá Kékeré. Ó ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àgbá, fèrèsé, bọ́tìnnì. Kò dá pípọ́n dúró.

Ó ní, "Ẹ̀rọ."

Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

Ó ní, "A ní kí obìnrin má rí i. A ò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ." Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n má sọ fún Bernadette, á sọ fún fadá. Kí n má sì sọ fún Fádáre, á sun gìtá náà níná, á sì mú mi lọ ṣètùtù nítorí ohun tí mo ṣe.

Mo ní ṣé wọn á wá tú ìsémọ́lé ká.

Ìgbà yẹn ló gbé àdá sílẹ̀. "Oyèkẹ́mi. Sátidé nìkan lo ta á?"

Mo ní Sátidé nìkan. Ti Ìṣẹ́gun, inú kásíkì ni.

"Ta ló wá ta ti àṣálẹ́ ọjọ́ Àìkú? Ta ló ta ti ìdájí ọjọ́ Ajé, lápá ọ̀nà Oko-Akarè? Èmi àti Fádáre jọ gbọ́ ọ. A lọ síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan."

Láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Olùtẹ̀lé wà ní Pobè, lórí tábìlì ẹni tó ń jó jáàkì.

Àbámẹ́ta, 10 oṣù kẹjọ

Ìdánrawò, ọ̀sán nìkan. Fòfó ní mẹ́ta wo. Mo ní Adájọ́ — ìyẹn ni pé mo nàka sí i — Iyanrìn, Omi. Ó mú Olùtẹ̀lé: "Èyí ńkọ́? Orin ọrẹ ò lè dùn láìsí i." Mo ní ó ń tẹ̀lé mi jù. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ rà á nìyẹn, àbúrò!" Ó ní kí n tún rò ó.

Àìkú, 11 oṣù kẹjọ

Mo gbọ́ ọ.

Àṣálẹ́. Gbogbo wa wà nínú yàrá tàtá, àwa mẹ́ta, àtùpà wà ní rírọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn, lápá ibi tí ilẹ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ilé mọ́. Ó hó, ó ga. Tàtá gbé ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Àgbékẹ́ fi aṣọ bo ikùn rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà lè gbọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Orò. Mo mọ̀ bó ṣe ń gòkè: geere ni. Èyí, bó bá dé àárín, á kọ́. Á wá fò.

Bíi bọ́tìnnì.

Mo kà á. Ìgbàkígbà tó bá gòkè, ojú ibi kan náà. Olùtẹ̀lé wà lórí itan mi, nínú aṣọ tí mo fi wé e, mo ti yọ píìlì tó ń fún un níná.

Ajé, 12 oṣù kẹjọ

Ẹsẹ̀ Àgbékẹ́ ti wú. Wọ́n ti ṣètò: ní Ọjọ́rú, tí ilẹ̀ bá mọ́, Fòfó á gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ matanité, kó máa dúró de ọmọ níbẹ̀. Ọpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kẹjọ

Fòfó lọ sí Porto-Novo lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a máa lò. Á dé ní ìdájí. Mo yan ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà lórí pákó: Adájọ́, Iyanrìn, Omi. Mo dè wọ́n. Ó parí.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́

Mo fẹ́ kọ ọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Àṣálẹ́ àná, a ò tíì jẹun tán, omi ara Àgbékẹ́ dà. Ó ní, "Ẹ má bínú," bí ẹni tó fọ́ àwo. Tàtá Bernadette fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó dúró, ó tún fi ọwọ́ kàn án. Mo rí ojú rẹ̀. Ó mú mi lọ sí igun yàrá, ó ní orí ọmọ náà wà lókè. Ìdí ló fẹ́ fi jáde. Kò lè bí i síbí. Ó ní, "Ìsémọ́lé tàbí kò sí ìsémọ́lé," ó di Àgbékẹ́ lápá mú, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà ìlú gan-an ni, láàárín àwa àti matanité. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí páànù orí ilé fi gbọ̀n. Tàtá ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Kékeré jáde. Ó pẹ́. Ó padà wọlé, òógùn bò ó. Tàtá pariwo mọ́ ọn: "Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ni ín! Lọ sọ fún wọn kí wọ́n yà fún obìnrin tó ń rọbí!" Ó ní, "Bernadette, ká ní tiwa ni, màá ti lọ bá àwọn tó gbé e sọ̀rọ̀, wọn ì bá ti gba ibòmíràn. Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀?"

Àgbékẹ́ ń gé aṣọ jẹ.

Bàbá Kékeré wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó wá ní òun ń lọ pe Ìbráhímù, ẹni tó ń fi alùpùpù gbérò ní ìkóríta, kó gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtẹ̀pó lọ́rùn rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì, ó jáde. Kò gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yẹn rí láyé rẹ̀.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi aṣọ bo orí àti ojú. Ilẹ̀ ni mo ń wò títí mo fi dé ibẹ̀. Anpílì lórí àgbá. Olùtẹ̀lé síwájú, Ìmí sẹ́yìn. Mo ti fèrèsé, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo yí bọ́tìnnì ìrọlẹ̀ dé òpin.

Bí tèmi ṣe dìde, ti ojú ọ̀nà dákẹ́.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Kòkòrò pàápàá.

Ó wá dáhùn. Kì í ṣe lójú ọ̀nà mọ́. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi.

Mo yí bọ́tìnnì. Ó dáhùn. Ó ti dé abẹ́ ọ̀pẹ. Ó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn — kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó kúrò lọ́nà. Mo gbọ́ alùpùpù Ìbráhímù nígbà tó ṣáná, mo gbọ́ ọ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn tàtá tó ń pe Màríà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mi ò lè dúró. Tí mo bá dúró, á yí padà tẹ̀lé wọn. Nígbà tí mi ò mọ ohun tí n óò tún fún un, mo ta ègé orin mi. Ohùn mẹ́fà. Mo tún un ta. Mo tún un ta.

Ó dé ẹ̀yìn ògiri. Èkùrọ́ inú atẹ ń fò. Nǹkan kan fara nu páànù, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò yíjú. Mo fẹ́ kí ìwé yìí mọ̀ pé mi ò yíjú.

Fóònù tàn. Ọ̀rọ̀ tàtá: a ti dé, wọ́n ti gbé e wọlé. Ó pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ó tún tàn: obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń bú Akínbáyọ̀.

Mo sunkún. Mo fa jáàkì yọ. Mo yọ píìlì Olùtẹ̀lé, mo yọ ti Ìmí, mo pa anpílì. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi kí n lè máa rí wọn.

Ìdákẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà, níta, ègé orin mi.

Ohùn mẹ́fà. Ìkẹrin pẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó tún un ta. Èyí tí Olùtẹ̀lé bá dá padà, ó gbọ́dọ̀ kéré ju èyí tó ṣáájú. Eléyìí ò kéré. Ó tóbi sí i. Mo jókòó sílẹ̀, mo di etí, mo ń gbọ́ ọ láti inú ilẹ̀.

Àkùkọ kọ. Bàbá Kékeré kan ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ó ní gbogbo ilé ló gbọ́ mi títí di ìsinsìnyí. Ó ní, "Ìwọ ni, àbí? Ìwọ náà lò ń ta á, títí di ìdájí yìí?"

Mo wo píìlì tó wà nílẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

Mo gbọ́ bó ṣe mí. Ó ní ó ti tán nìyẹn. Ó ní òun á fọgbọ́n bá Fádáre sọ ọ́, wọ́n á tú ìsémọ́lé ká lónìí. Ó ní kí n lọ sùn, ọ̀la la máa lọ sí Pobè, kí bíṣọ́ọ̀bù má bàa rí mi bí ẹni tó kú. Ó lọ. Mo gbọ́ ọ tó ń kùn, orin ni.

Ìrọ̀lẹ́ òní, nítorí irọ́ tí mo pa, gbogbo wọn máa jáde síta. Àgbékẹ́ máa gbọ́mọ bọ̀ wálé.

Ó tún ta á lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí Bàbá Kékeré lọ. Nítòsí. Jẹ́jẹ́. Mo ka ohùn náà, mo ń dúró de ìkẹrin.

Kò pẹ́ bí tèmi mọ́. Ó bọ́ sójú ibi tó yẹ kó bọ́ sí.

Mo ti dé yàrá. Mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní agogo mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, mo kọjú sí ògiri.